Ọbẹ̀ Tó Dùn, Iná Ló Pa Á

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọbẹ̀ òun dùn láyé ìgbà yẹn ní láti ra ẹran, kó ra ẹja, kó ra ìrù tó jọjú, kí epo má sì wọ́n ọn. Lónìí, ẹyọ mágì kan nínú ìkòkò tí ẹran kankan kò sí nínú rẹ̀ lè mú kí gbogbo ojúlé mọ̀ pé ẹnì kan ń sebẹ̀. Wọ́n kọ "adìyẹ" sára bébà rẹ̀, wọ́n ya àwòrán adìyẹ sí i, ó sì ń ta sánsán bí adìyẹ lóòótọ́. Báwo ni adùn ẹran ṣe kúrò lára ẹran, tó wá ń dá rìn? Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Kí ló sì kan àwa tí a wà ní Ìkẹjà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àdúgbò yìí. GRA Ìkẹjà jẹ́ ibi tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni ilé ibẹ̀ fi jìnnà síra, tí igi sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yí GRA ká kì í ṣe igi rárá. Rélùwéè tí wọ́n ṣe láti Èkó dé Ìbàdàn láàárín 1896 sí 1901 gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, nígbà tó sì fi máa di 1912 ó ti dé Kánò. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ màlúù Òkè Ọya gbà wọ Èkó kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gba iṣẹ́ náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó ni Ìkẹjà nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967 ni Ìkẹjà bọ́ sínú rẹ̀, ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976. Cadbury Nigeria, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1965, wà ní Àgídíngbì. Unilever Nigeria wà ní Billings Way, Òrégùn. Tí ẹ bá wá forí lé Agége, ẹ máa dé ilé ìpẹran Oko-Ọba, èyí tó tóbi jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹran wà lápá kan, ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ inú páálí wà lápá kejì, àwa sì wà láàárín wọn.

Tí wọ́n bá pa màlúù tán ní ìlú àwọn òyìnbó, wọ́n máa ń gé ibi tó wù wọ́n, wọ́n á sì wá orúkọ fún ìyókù: àjẹkù ilé-iṣẹ́, ká pè é bẹ́ẹ̀. Eegun, iṣan, ìfun, ẹ̀dọ̀, awọ, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, orísìírísìí ni ìyẹn ń jẹ́, ó sì níye lórí. Ẹni tó bá sọ fún alápatà ní Agége pé ṣàkì, fùkù, àbọ̀dí àti pọ̀nmọ́ jẹ́ àjẹkù, alápatà á kàn máa wò ó ni. Eegun pàápàá ń lọ sínú ìkòkò, ẹni tó bá sì mọ ọbẹ̀ í sè mọ̀ pé omi eegun tó pẹ́ lórí iná lágbára ju omi ẹran gidi lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ pé adùn ń bẹ nínú ohun tí àwọn mìíràn ń dà nù kì í ṣe ohun tuntun níbí. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kéèyàn fa adùn yẹn jáde, kó gbẹ ẹ́, kó dì í, kó sì tà á fún ẹni tí kò rí màlúù náà rí.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sójú ọjà ni Justus von Liebig, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místrì ní Jámánì. Ní 1847 ló tẹ iṣẹ́ rẹ̀ nípa omi ara ẹran jáde: ẹ se ẹran, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi náà gbẹ títí á fi ki bí oyin dúdú. Àmọ́ ó gba nǹkan bí kílò 30 ẹran kí kílò kan tó jáde, ẹran sì wọ́n ní Yúróòpù. Ibi tí ẹran ti pọ̀ ju ẹnu lọ ni Uruguay, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, awọ ni wọ́n ń torí ẹ̀ pa màlúù. Wọ́n á bó awọ, wọ́n á mú ọ̀rá, ọ̀pọ̀ ẹran náà á sì jẹrà sílẹ̀ nítorí kò sí yìnyín tí wọ́n á fi gbé e lọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ George Christian Giebert lọ bá Liebig, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Fray Bentos ní 1865. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: ní Fray Bentos, ẹran ni àjẹkù, awọ ni ọjà. Ní Agége, a kò jẹ́ kí awọ pàápàá lọ, a sọ ọ́ di pọ̀nmọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní àjẹkù sinmi lórí ibi téèyàn dúró sí.

Liebig kọ́kọ́ sọ pé oògùn ìlera ni omi ẹran òun, pé agbára ẹran wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: purotéènì tó ń gbé ara ró ti kù sínú ẹran tí wọ́n sè. Adùn àti iyọ̀ ara ẹran ló jáde. Ọjà náà kò torí ìyẹn kú, wọ́n kàn yí ohùn padà, wọ́n ní èròjà amọ́bẹ̀dùn ni. Kí ẹ má gbàgbé ibi yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà la ṣì ń bá yí lónìí: adùn ẹran kì í ṣe ẹran. Ọmọ tó ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú mágì adìyẹ kò tíì jẹ adìyẹ.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà tí kò ná an ní màlúù kankan. Julius Maggi ní ilé-iṣẹ́ ọlọ ní Switzerland. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ láìní àkókò láti sebẹ̀, dókítà kan tó ń bẹ ilé-iṣẹ́ wò, Fridolin Schuler, sì ń wá oúnjẹ tó yá, tí kò wọ́n, tó lè gbé wọn ró. Maggi fi ẹ̀wà lọ̀ lẹ́búlẹ́bú ṣe ọbẹ̀ àsèyá. Àmọ́ ẹ̀wà lásán kò ládùn. Ní 1886 ó gbé omi dúdú kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe nípa síse purotéènì àlìkámà pẹ̀lú ásíìdì títí purotéènì náà fi já sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹran níbẹ̀, ó sì ń dùn bí ẹran. Ní 1908 ó sọ ọ́ di kúùbù. Ọdún 1908 yẹn kan náà ni Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tokyo, yọ glutamate jáde láti inú ewéko òkun tí wọ́n fi ń sebẹ̀, ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Ajinomoto. Ilé-iṣẹ́ Liebig náà gbé kúùbù Oxo jáde ní 1910. Láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀nà mẹ́ta ti wà tí adùn ẹran fi lè dé ilé ẹni tí kò lówó ẹran.

Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó lè sọ ìdí tí nǹkan náà fi ń dùn. Ẹ jẹ́ ká fi dòdò ṣàlàyé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ní ṣúgà nínú, ó sì ní purotéènì díẹ̀. Tí ẹ bá bọ̀ ọ́, ó máa dùn lásán, kò ní pọ́n. Tí ẹ bá dín in, ara rẹ̀ á pọ́n, òórùn mìíràn á sì gba ilé kan, òórùn tí kò sí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, tí kò sì sí nínú òróró. Iná ló dá a níbẹ̀. Ní 1912, dókítà ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, kọ̀wé pé tí ṣúgà bá pàdé amino acid, ìyẹn àwọn wẹ́wẹ́ tí purotéènì já sí, tí iná sì kàn wọ́n, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á sì di pupa. Iṣẹ́ tó ń lọ nínú ara èèyàn ló ń wá, kò wá ọbẹ̀. Ó di 1953 kí John Hodge, onímọ̀ kẹ́místrì aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Peoria, tó to gbogbo ìgbésẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, láti ibi tí ṣúgà ti so mọ́ amino acid títí dé ibi tó ti di dúdú.

Nǹkan kan wà tí gbogbo ìyá wa mọ̀ láìka ìwé Hodge. Omi kì í gbóná ju 100°C lọ nínú ìkòkò tí a kò dé pa, nítorí náà ẹran bíbọ̀ kì í pọ́n. Ẹ ní láti gbé e kúrò nínú omi, kí ẹ dín in tàbí kí ẹ sun ún, kí ooru tó kọjá ibẹ̀, kí pípọ́n tó yá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ ẹran kí a tó dín in fún ọbẹ̀ ata. Ìdí nìyẹn náà tí sùúyà fi ń pe èèyàn láti òdìkejì títì, tí èèpo búrẹ́dì Agége sì ní òórùn tí inú rẹ̀ kò ní.

Ọdún 1960 ni ìmọ̀ yìí di ọjà. Lọ́dún tí a gba òmìnira yẹn, àwọn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ fún Unilever ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Morton, Akroyd àti May, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà àtiṣe adùn ẹran: ẹ mú amino acid kan tó ń jẹ́ cysteine, ẹ fi ṣúgà bíi ribose sí i, ẹ gbé e kaná nínú omi. Òórùn ẹran ló máa jáde, bẹ́ẹ̀ ẹran kò sí níbẹ̀. Lọ́dún kan náà, Hornstein àti Crowe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹran màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀, tí a bá yọ ọ̀rá kúrò, òórùn kan náà ni wọ́n máa ń ní lórí iná. Ọ̀rá ló ń sọ èyí tó jẹ́ màlúù àti èyí tó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ìyẹn ni pé adùn ẹran ní ìsàlẹ̀ kan tó jẹ́ ti gbogbo ẹran, àti orúkọ kan tí ọ̀rá kọ sára rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti rọrùn láti ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ á gba eegun àti ẹran wẹ́wẹ́ tó kù lára rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sè é nínú ìkòkò tó ń ti ooru mọ́ inú. Wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù gé purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ ọ̀rá sọ́tọ̀. Wọ́n á fi ṣúgà sí omi eegun náà, wọ́n á dá díẹ̀ nínú ọ̀rá padà kó lè mọ orúkọ ara rẹ̀, wọ́n á sì gbé e kaná títí á fi pọ́n. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀ jù: òfin Yúróòpù ti 2008 sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá 180°C, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ ní ìwọ̀n yẹn, nítorí ohun tó bá jó lè di ewu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú. Nínú kúùbù, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń wọlé. Iyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà glutamate, ọ̀rá àti ìyẹ̀fun.

Ó tún ṣeé ṣe láti pa eegun tì pátápátá. Ní 2004, Bovril, omi ẹran tí àwọn òyìnbó ti ń mu láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, yọ ẹran kúrò, ó fi ìwúkàrà rọ́pò rẹ̀. Ní 2006 ó dá ẹran padà. Ilé-iṣẹ́ lè ṣe èyí tó bá wù ú. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló máa sọ bóyá òun gbà.

Báwo ló ṣe wá dé ìkòkò wa? Lever Brothers ti wà ní Èkó láti 1923, ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá wa ṣe. Ilé-iṣẹ́ Maggi ti dara pọ̀ mọ́ Nestlé ní 1947, Nestlé sì bẹ̀rẹ̀ ọjà ní Nàìjíríà ní 1961. Wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ní Agbára ní 1982, wọ́n tún ṣí òmíràn ní Ṣágámù ní 2011. Ní 2000, Unilever ra ilé-iṣẹ́ tó ni Knorr. Kí ọgbọ̀n ọdún tó kọjá, mágì ti kúrò ní orúkọ ọjà kan, ó ti di orúkọ gbogbo kúùbù. Èèyàn á ní kí ẹ bá òun ra mágì, kó sì jẹ́ pé Knorr ló fẹ́.

Èyí tó sún sẹ́yìn fún un ni ìrù. Kì í ṣe pé ìrù kò dùn tó o. Ìrù ń gba àkókò: ẹ á se hóró rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ á tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, ẹ á fọ̀ ọ́, ẹ á tún un sè, ẹ á bò ó mọ́ inú igbá tàbí agbọ̀n fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Nínú òkùnkùn yẹn ni bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ti ń ṣe iṣẹ́ tí Maggi fi ásíìdì ṣe: ó ń já purotéènì sí wẹ́wẹ́. Àwọn tó yẹ ìrù ilẹ̀ Benin wò rí pyrazine nínú òórùn rẹ̀, ìdílé kan náà tó ń jáde lára ẹran sísun. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú kí àwọn ìyá wa fi ìrù rọ́pò ẹran nínú ọbẹ̀ ọjọ́ tí owó kò sí. Ọ̀nà kẹrin ni, ó sì ti wà tipẹ́ ká tó gbọ́ orúkọ Liebig.

Ní Ìkẹjà níbí ni ẹnì kan ti gbìyànjú láti so ọ̀nà yẹn mọ́ kúùbù. Ní 1991, Cadbury Nigeria gbé Dadawa jáde, ìrù inú kúùbù, tí wọ́n fún ní orúkọ tí àwọn Hausa ń pe ìrù. Lójú ẹni tó bá ń wò ó láti ọ́fíìsì, kò sí ìdí tí kò fi yẹ kó tà. Gbogbo èèyàn mọ ìrù, gbogbo èèyàn ti mọ kúùbù, òórùn ìrù tó ń da àwọn kan láàmú nínú báàgì kò sì ní sí mọ́. Ọjà kò gbà á bí wọ́n ṣe rò. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ṣe lẹ́yìn náà ni pé àwọn tó rà á kò rí ìrù tí wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan ti sọ nù láàárín igbá àti ẹ̀rọ.

Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà lójoojúmọ́ mọ irú àṣìṣe yẹn. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó máa ń kéré kó lè tètè lọ. Ẹni tó kọ ètò náà ti pinnu ohun tí ojú èèyàn kò ní ṣàkíyèsí, ìyẹn ló ń sọ nù. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ojú ṣe ń ríran. Pẹ̀lú adùn màlúù àti adìyẹ, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn láti ayé Liebig. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n lè yọ tí ẹnu kò fi ní mọ̀. Pẹ̀lú ìrù, èyí tí ẹ̀rọ lè tètè gbẹ dànù ni èyí tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ fi ń dá a mọ̀: òórùn líle yẹn gan-an. Ohun tí àwọn onílé-iṣẹ́ kà sí àléébù, òun ni àwọn oníbàárà ń wá.

Nítorí náà, kò yẹ ká ka ìtàn 1991 sí ẹ̀rí pé oúnjẹ wa kò lè wọ páálí. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ dì í ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ náà kò sì sí lọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe ìrù, tí wọ́n lè fi ọwọ́ kan igbá kí wọ́n sọ pé ó ku ọjọ́ kan. Ó wà lọ́wọ́ onísùúyà tó mọ ìgbà tí ó yẹ kó yí igi padà. Díẹ̀ ni ìwé tó gbé ìmọ̀ yìí, ọwọ́ tó ní in sì ń dàgbà. Àwọn ọmọ wọn ti wá sí Èkó, mágì ni wọ́n ń rà.

Eegun kò wọ́n ní Agége. Ẹ́ńsáìmù, ṣúgà àti ìkòkò tó ń dé ooru mọ́ inú kì í ṣe ohun àràmàǹdà, kẹ́místrì wọn sì ti wà nínú ìwé láti 1953. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ti wà ní Òṣòdì láti 1956, kò jìnnà sí ibí. Tí ọmọ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì kan nínú yín bá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, kó gba ọ̀dọ̀ ìyá oníìrù lọ pẹ̀lú tẹmómítà àti ìwé. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, wákàtí sí wákàtí: bó ṣe gbóná tó, ewé tí wọ́n fi bò ó, ìgbà tí òórùn rẹ̀ yí padà, ìgbà tí ìyá náà sọ pé ó ti tó. Ẹnikẹ́ni tó bá máa ṣe kúùbù tó jẹ́ tiwa lọ́la, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè.